SPAC tún ti ń padà bọ̀ sọ́jà: kí ni ó yẹ kí a wò kí a tó fowó sí i?

Ọmọ Kémta, Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Alágbàtà tí mo ń lò níbí fi ìpín SPAC kan lọ̀ mí. Ó ní dọ́là 10 ni ẹyọ kan, àti pé owó náà kò lè sọnù nítorí pé àpò ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Mo rántí pé ariwo wọn gba ìgboro ní ọdún 2021, kí ó tó di pé gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Bàbá Òkè-Ìlèwó, ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ní ọjà ìpín ní New York kí ẹ tó fẹ̀yìn tì sí Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lóye.

Bàbá Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Òótọ́ ni alágbàtà rẹ sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ọjọ́ tí yóò dópin, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o kọ́kọ́ bi í.

SPAC kò ní òwò kankan ju pé kí ó kó owó jọ ní ọjà ìpín, kí ó sì wá ilé-iṣẹ́ gidi kan tí yóò dàpọ̀ mọ́, kí ilé-iṣẹ́ náà lè tipa bẹ́ẹ̀ wọ ọjà. Ó dà bí ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú pé òun ń lọ ra ọjà tí òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣèlérí pé bí òun bá rí i, òun yóò fi hàn wọ́n, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn yóò gba owó rẹ̀ padà. Ìlérí ìkẹyìn yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn kan fi irú ilé-iṣẹ́ òfìfo bẹ́ẹ̀ lu àwọn ará Amẹ́ríkà ní jìbìtì débi pé ìjọba ṣòfin lé e lórí ní 1990, Àjọ SEC, tí ń ṣàkóso ọjà ìpín Amẹ́ríkà, sì fi ìlànà Rule 419 tẹ̀lé e ní 1992. Ní 1993 ni David Nussbaum, òṣìṣẹ́ báńkì ìdókòwò kan, gbé SPAC kalẹ̀, tí ó sì mú ààbò wọ̀ ọ́: owó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́, èyí tí ó sábà máa ń fi ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba, bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá sì pé láìrí ilé-iṣẹ́ tí wọn yóò bá dàpọ̀, wọn yóò dá owó oníkálukú padà.

Ibi tí ó ti ń dunni ni ìpín àwọn olùdásílẹ̀, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ìṣirò yìí. Ká ní SPAC kan kó mílíọ̀nù 200 dọ́là jọ, ìyẹn ni pé ó ta mílíọ̀nù 20 ìpín ní dọ́là 10. Àwọn olùdásílẹ̀ sábà máa ń gba ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìpín, èyí tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 5 níhìn-ín, iye tí wọ́n sì máa ń san fún un kò ju dọ́là 25,000 lọ. Nígbà tí ìdàpọ̀ bá dé, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn olùdókòwò bá gba owó wọn padà, mílíọ̀nù 20 dọ́là péré ni yóò kù nínú àpò, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 5 ìpín àwọn olùdásílẹ̀ kò dín. Pín mílíọ̀nù 20 dọ́là sí mílíọ̀nù 7 ìpín, ohun tí ó wà lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan kò tó dọ́là 3. Owó iṣẹ́ àwọn báńkì tí ó ta ìpín náà ṣì wà nílẹ̀ tí wọn yóò yọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń ṣírò rẹ̀ lórí mílíọ̀nù 200 àkọ́kọ́. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ni ó ru ẹrù yìí. Olùdásílẹ̀ ní tirẹ̀ yóò jèrè bí ìpín náà tilẹ̀ já wálẹ̀ sí dọ́là 2, nítorí náà ó sàn fún un láti bá ilé-iṣẹ́ tí kò dára dàpọ̀ ju kí ó dá owó padà.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ní òfin ìjọba ni ó pa SPAC. Ní 2020, SPAC 248 ni ó wọ ọjà, wọ́n di 613 ní 2021, nítorí pé owó pọ̀ nílẹ̀, èlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbé èlé sókè ní oṣù kẹta ọdún 2022, tí ìpín Nikola àti ti Lordstown, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ oníná mànàmáná tí SPAC gbé wọ ọjà, sì ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀, gbogbo ènìyàn ń sáré gba owó wọn, àwọn tuntun sì wálẹ̀ sí 86 ní ọdún náà àti 31 ní 2023. WeWork, tí ń fi ọ́fíìsì háyà, tí ó gba ọ̀nà yìí wọ ọjà ní 2021, sá sábẹ́ òfin àwọn onígbèsè ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Mo bọ̀wọ̀ fún Bill Ackman, olùdókòwò ńlá ní Amẹ́ríkà, ní tèmi: bílíọ̀nù 4 dọ́là ni SPAC tirẹ̀ kó jọ ní 2020, nígbà tí kò sì rí ilé-iṣẹ́ tí ó tọ́, ó dá owó náà padà ní 2022. Àwọn kan yọrí sí rere, bí DraftKings, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀.

Láti oṣù keje ọdún 2024, ìlànà tuntun SEC ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n sọ èrè olùdásílẹ̀ àti bí iye ìpín yóò ṣe joro ní kedere. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé náà nìkan ni yóò ràn lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí EDGAR, ojú òpó ayélujára tí SEC ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Wá iye tí ó wà nínú àpò fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ra ìpín náà ní dọ́là 13 lọ́jà, dọ́là 10 àti èlé díẹ̀ ni wọn yóò dá padà fún ọ. Lẹ́yìn náà wá ọjọ́ tí gbígba owó padà yóò parí, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú ìpàdé ìdìbò. Alágbàtà rẹ lè béèrè pé kí o kọ̀wé ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà, bí o bá ń bọ̀ wálé fún ọdún Lísàbi, kọ̀wé kí o tó wọ bàálù. Bí o kò bá sọ nǹkan kan, wọn yóò kà á sí pé o dúró. O sì lè dìbò pé kí ìdàpọ̀ wáyé, kí o sì tún gba owó rẹ.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Wọ́n fún mi ní wáráńtì mọ́ ìpín tèmi. Bí wọ́n bá tú SPAC náà ká, ṣé wáráńtì náà ní owó?

Bàbá Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta:
Rárá o, Ìyá Ìbejì. Wáráńtì kò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú àpò náà. Bí ìdàpọ̀ kò bá wáyé, òfo ni. Bí ó bá wáyé, ohun tí ó sábà máa ń fún yín ni ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ní dọ́là 11.50 láàárín ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ìpín bá dé dọ́là 18 tí ó sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè pè é padà, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sì máa ń fún yín láti ra ìpín tàbí kí ẹ ta wáráńtì náà. Ìwé ìpè náà lè má dé ilé yín ní Manchester, ẹ sọ fún alágbàtà yín lónìí pé kí ó máa fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín.