Topspin forehand mi kò dúró nínú kọ́ọ̀tù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìbarà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tẹ́níìsì. Kútọ̀ ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú. Ọwọ́ òsì ni mo ń lò. Forehand, bọ́ọ̀lù tí mo ń gbá láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí mo fi di rákẹ́ẹ̀tì mú, tó bá ń lọ tààrà kò yọ mí lẹ́nu, àmọ́ bí mo bá fi agbára sí i, ó ti kọjá lááìnì ẹ̀yìn nìyẹn. Bí mo bá sì rọra gbá a, ẹni tí à ń jọ gbá á dúró dè é, á fi jẹ mí níyà. Ni mo bá ní kí n kọ́ topspin tó rinlẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ń yí síwájú bó ti ń lọ, irú èyí tí Nadal, ọlọ́wọ́ òsì ará Sípéènì nì, fi gba Roland Garros, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ilẹ̀ Faransé, lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Mo ń wo fídíò rẹ̀, mo sì ń gbé rákẹ́ẹ̀tì lọ parí lókè orí bíi tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ò bá já sínú nẹ́ẹ̀tì, á bá igi rákẹ́ẹ̀tì, á fò gba orí fẹ́ńsì lọ sójú títì. Ẹnì kan ní kọ́ọ̀tù wa ní bí rákẹ́ẹ̀tì bá ti kan bọ́ọ̀lù, kí n yí ọrùn ọwọ́ lé e lórí. Ọrùn ọwọ́ ti ń dùn mí báyìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lóòótọ́?

Baba Ìbejì: Àṣé ìwọ lo ni bọ́ọ̀lù tí ọlọ́kadà gbé lọ níjọ́sí!

Kóòṣì Àsẹ̀rò: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Jáwọ́ nínú ọrùn ọwọ́ yíyí yẹn lónìí. Nǹkan bí ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú-àáyá ni bọ́ọ̀lù ń lò lára okùn rákẹ́ẹ̀tì. Kí ọwọ́ rẹ tó mọ̀ pé òun kan nǹkan, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ọwọ́ tí o ń rí tó ń yí nínú fídíò, bọ́ọ̀lù ti kúrò lára okùn kó tó yí. Nígbà tó bá ń kan bọ́ọ̀lù gan-an, ojú rákẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán ni, rákẹ́ẹ̀tì ló ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Okùn á ha ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á máa yí síwájú bó ti ń lọ, afẹ́fẹ́ á sì máa tì í wálẹ̀. Òun ló jẹ́ kó lè ga kọjá nẹ́ẹ̀tì dáadáa kó sì tún já sínú lááìnì.

Báwo lo ṣe ń di èèkù mú? Ojú mẹ́jọ ni èèkù rákẹ́ẹ̀tì ní. Dì í mú bíi pé o ń bọ èèyàn lọ́wọ́, kí o wá sún àtẹ́lẹwọ́ rẹ ojú kan sí i lọ sí ìsàlẹ̀. Semi-western ni wọ́n ń pe irú dídìmú yẹn. Má sún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, bọ́ọ̀lù tó bá rẹlẹ̀ á máa dà ọ́ láàmú.

Kí bọ́ọ̀lù tó kọjá nẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ rẹ, kí èjìká ti yí, kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ sì nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ orúnkún. Jẹ́ kí orí rákẹ́ẹ̀tì rọ̀ wálẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, má fún èèkù pa. Ìbàdí á kọ́kọ́ yí, apá á tẹ̀ lé e, rákẹ́ẹ̀tì á gbẹ́yìn. Iwájú ara rẹ ni kó ti kan bọ́ọ̀lù. Bó bá ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ó ti pẹ́ jù.

Nadal fúnra rẹ̀ kì í parí gbogbo rẹ̀ sókè orí nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó bá ń sáré tàbí tí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ kọjá lára rẹ̀ ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́kọ́ máa parí tìrẹ sí èjìká ọ̀tún.

Bí o bá dé kọ́ọ̀tù, fi okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹ bọ́ọ̀lù kan mọ́ ara wáyà fẹ́ńsì ní ọ̀gangan ìbàdí, kí o wá fa rákẹ́ẹ̀tì sókè kí bọ́ọ̀lù máa yí gun wáyà lọ. Bó ṣe máa rí lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Àgbà Aké: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí àti topspin! Ní 1983, Nduka Odizor wa na Guillermo Vilas ní Wimbledon, Vilas tí topspin jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fojú di bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà.

Kóòṣì Àsẹ̀rò: Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n orí koríko nìyẹn, sà. Bọ́ọ̀lù kì í fò púpọ̀ níbẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì wa yìí, á ta dé èjìká èèyàn.

Àgbà Aké: Mi ò jiyàn. Kó ṣáà kọ́ volley, bọ́ọ̀lù gbígbá kó tó kanlẹ̀, mọ́ ọn.

Ọmọ Lísàbi: Bọ̀dá, okùn wo ló wà lára rákẹ́ẹ̀tì yín?

Ọmọ Ìbarà: Polyester ni. Ẹni tó tà á fún mi ní òun làwọn ọ̀gá ń lò.

Ọmọ Lísàbi: Wọ́n ń lò ó lóòótọ́. Bí okùn náà bá ti yẹ̀, kíá ló ń padà sáyè rẹ̀, ìyẹn ló ń fi kún yíyí bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ó le, ọrùn ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ, kí wọ́n fi èyí tó rọ̀ sí i, kí wọ́n má sì fà á le jù. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ sinmi ná. Bí ọwọ́ náà bá ṣì ń dùn yín lẹ́yìn ìsinmi, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má fi àbóníkí tan ara yín.

Ìyá Àdùnní: Ohun tí mo ń lò fáwọn ọmọ tí mò ń kọ́ rèé. Mo máa ń so ọparun méjì mọ́ òpó nẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún lósì, màá wá ta okùn láàárín wọn, bíi mítà kan lókè nẹ́ẹ̀tì. Nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò ju 91 sẹ̀ǹtímítà lọ láàárín, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ fi máa ń fẹ́ gbá gbogbo bọ́ọ̀lù bíi pé wọ́n ń yọ́ ọ kọjá. Orí okùn ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbà, kó sì já sínú. Bó bá jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dín agbára kù o, híha sókè ni kí ẹ fi kún. Ibẹ̀ ló máa ń le jù, torí ẹ̀rù á ní kéèyàn fà á sẹ́yìn. Bó bá sì ti fà á sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù ò ní yí mọ́, yóò kàn léfòó jáde.

Ọmọ Ìbarà: Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Kóòṣì, òsì tí mò ń lò yìí ńkọ́, ṣé ó ní ìyàtọ̀?

Kóòṣì Àsẹ̀rò: Àǹfààní ni fún ọ. Gbá a ní ìdábùú kọ́ọ̀tù. Backhand ẹni tó ń lo ọ̀tún, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ló máa fò lọ bá, lókè tí apá rẹ̀ kò ti lágbára. Ohun tí Nadal fi da Federer, ọ̀gá tó ń lo ọ̀tún, láàmú lọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Ìbarà: Ó yé mi, sà. Màá bọ́ okùn yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá Àdùnní, níbo lèèyàn ti ń rí ọparun tó tọ́ báyìí?

Ìyá Àdùnní: Méjì wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ọbáńtokò. Wá mú un lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Okùn lo máa rà fúnra ẹ, ewúrẹ́ ti jẹ tiwa já.