Arọré, akọ̀wé eré tàbí eléré? Lórí orúkọ tó yẹ iṣẹ́ Tarell McCraney

Ẹ kú àjùmọ̀ṣe o, ẹ̀yin ará. Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìdá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ̀dá wa ní kí a mú "arọré" kí ọ̀rọ̀ tán, mo ní rárá, ẹnu mi ò ní gbà á.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ọ̀kan nínú wa ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Tarell Alvin McCraney ní Yorùbá, gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sì lọ báyìí: "Akọ̀wé eré àti òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà ni." Àwọn kan ní "akọ̀wé" kò bá a mu. Bọ̀dá wa wá dábàá "arọré". Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, playwright, kò ní kíkọ nínú rárá. Wright tó wà nídìí rẹ̀ ni oníṣẹ́ ọwọ́, irú ẹni tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù tàbí ọkọ̀ ojú omi. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń rọ ọkọ́, tó ń rọ àdá, ẹni yìí náà ń rọ eré.

Ní ti akọ̀wé, ẹ̀yìn àwọn tó kọ̀ ọ́ ni mo wà. Akọ̀wé ló ń jókòó sí kóòtù tàbí káńsù, tó ń kọ ohun tí ẹlòmíràn sọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Bí mo bá gbọ́ "akọ̀wé eré", ọkùnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń ka iye èèyàn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ní ti arọré, bọ̀dá, ẹ má bínú. Òótọ́ ni àlàyé yín nípa Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ etí Yorùbá ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, etí yẹn kò sì mọ wright. "Arọ" ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Mo dán an wò lára màmá mi lórí fóònù. Mo ní, "Mo ń ka ìtàn ọkùnrin kan, arọré ni." Wọ́n ní, "Ó mà ṣe o. Ṣé láti kékeré ni?"

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ná, kí á tó sọ ọ́ lórúkọ. Liberty City ní Miami ni wọ́n bí i sí ní 1980. Kó tó pé ogún ọdún ló ti wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ń lọ ṣeré fún àwọn tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú oògùn olóró. Ó lọ sí New World School of the Arts níbẹ̀ ní Miami, ó sì kọjá sí yunifásítì DePaul ní Chicago. Iṣẹ́ òṣèré ló lọ kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ìwé kíkọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá lọ sí yunifásítì Yale láti kọ́ bí a ṣe ń kọ eré, ó sì parí ní 2007. Nígbà tó wà ní Yale ló ṣe olùrànlọ́wọ́ fún August Wilson, àgbà òǹkọ̀wé eré ọmọ Amẹ́ríkà, lórí Radio Golf, eré tí bàbá náà kọ kẹ́yìn kó tó kú ní 2005. Ní 2010, Steppenwolf, ẹgbẹ́ eléré Chicago, gbà á wọlé. Ní 2019, òun àti Tina Landau jọ kọ Ms. Blakk for President, nípa ọkùnrin kan tó ń múra bí obìnrin, tó sì díje dupò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1992. Ta ló ṣe Ms. Blakk lórí ìtàgé? McCraney fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ wá sọ fún mi ibi tí "akọ̀wé eré" ti parí tí "òṣèré" ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹni báyìí. "Àti" tó wà nínú gbólóhùn yẹn ló ń dà wá láàmú. Ó ń pín ohun tí kò pín.

Àwọn bàbá wa nídìí iṣẹ́ yìí kò pín in. Dúró Ládípọ̀ ló ṣe Ọba Kò So, òun náà ló wọ aṣọ Ṣàngó jáde sí èrò. Ògúndé ló ń kọ eré, ló ń kọrin, ló ń darí, òun náà ló sì ń ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Èmi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìkankan nínú wọn ní òǹkọ̀wé eré-onítàn nígbà tí mọ́tò wọn bá wọ ìlú. "Àwọn eléré ti dé" ni à ń sọ. Eléré: ẹni tó ni eré. Bóyá ìwé ló fi ṣe é, bóyá ẹsẹ̀ ló fi jó o, òun ló ni ín.

Ẹnìkan ti sọ pé eléré ìdárayá ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Kò gbà á. Bí ó bá ti gbà á ni, kí ló dé tí a ṣì ń fi "ìdárayá" kún un? Mo gbà pé "òǹkọ̀wé eré-onítàn" ní àyè tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ó sì bá ẹni tó ń kọ eré láìgun orí ìtàgé rí mu. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má fi wọ McCraney.

Ìdí mìíràn tí mo fi takú nìyí. Nínú eré rẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ ní San Pere, ìlú àfinúrò kan ní Louisiana, òṣèré a máa ka ìtọ́sọ́nà tirẹ̀ síta, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ tó ń sọ ohun tí òṣèré máa ṣe. Á sọ fún èrò pé Ogun Size wọlé, á wá wọlé. Á sọ pé òun rẹ́rìn-ín, á wá rẹ́rìn-ín. Ìtàn tí a ń kọ yìí pe ìyẹn ní "ìtọ́sọ́nà inú àkámọ́". Àkámọ́ dà nígbà tí ẹnu ti sọ ọ́? Ẹnìkan dábàá "àfọ̀ṣẹ" (mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni), nítorí pé bó bá ti sọ ọ́ ló ń ṣẹ. Ó wù mí o, àmọ́ àfọ̀ṣẹ ti ní oníṣègùn tó ni ín. "Ìtọ́sọ́nà àfẹnusọ" tó mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn inú eré mẹ́ta náà, tó jẹ́ orúkọ òrìṣà. Àǹtí wa ní kí a dá gbogbo rẹ̀ padà sí Yorùbá tòun ti àmì ohùn: Ògún, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ẹlẹ́gbára. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Nínú The Brothers Size, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, Ogun ni mẹkáníìkì tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, Oshoosi àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé, Elegba tí òun àti Oshoosi jọ ṣẹ̀wọ̀n ló wá fa mọ́tò lé e lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí mẹkáníìkì kan ní Mushin tí ẹ máa ṣàlàyé fún ìdí tí Ògún fi ni ṣọ́ọ̀bù mọ́tò. Síbẹ̀, orúkọ èèyàn ni wọ́n nínú eré yìí, àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò sì gbọ́ Yorùbá. Òkè òkun ni orúkọ náà ti gba ìrísí tó ní. Ẹni kan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn eré náà tó ń jẹ́ O Li Roon, ó ń ta ọjà. Bí ẹ bá tún un kọ sí "Ọlọ́run", tí Ọlọ́run wá jókòó nídìí káńtà, òǹkàwé á ju ìwé sílẹ̀. Mama Moja àti Shun ńkọ́? McCraney gé iwájú Yemọja àti Ọ̀ṣun dànù, bí a ṣe ń gé orúkọ ọmọ kúrú nílé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò gbà pẹ̀lú ẹni tó ní "àṣìṣe" McCraney ni pé Oya ló gé etí rẹ̀ fún Shango nínú In the Red and Brown Water, òmíràn nínú eré mẹ́ta náà. Lóòótọ́, Ọbà ló gé etí nínú ìtàn tí a mọ̀, ìtàn yẹn sì wà ní Kúbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Oya tó dá: ọmọbìnrin tó ń sáré bí ìjì, tó ń wá ọmọ tí kò rí. Ọya wa náà wá ọmọ kó tó bí mẹ́sàn-án. Ìtàn ìyàwó Ṣàngó méjì ló pò pọ̀ sára ẹnìkan. Eléré ni, ìyẹn sì wà lára iṣẹ́ eléré. Bí a bá dá etí padà fún Ọbà nínú ìtàn tí a ń kọ yìí, a ti kọ eré tiwa nìyẹn.

Ohun kékeré kan: ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé fíìmù Moonlight jẹ́ "ìtumọ̀" iṣẹ́ McCraney, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọn kò gbé sórí ìtàgé. Barry Jenkins, tí òun náà dàgbà ní Liberty City, ló fi ṣe fíìmù ní 2016, àwọn méjèèjì sì gba Oscar fún kíkọ rẹ̀ ní 2017. "Àtúnkọ fún sinimá" ló yẹ kó jẹ́.

Bí èmi ṣe máa kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyí: "Tarell Alvin McCraney jẹ́ eléré ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń kọ eré tó sì ń ṣe é." Bí ẹ bá ní kí n yọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́mà kúrò, mi ò ní jà.