"Yá", "wín" àti fọ́ọ̀mù alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà kí n tó dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ fọ́ọ̀mù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ẹ̀pẹ́ ló da ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì náà ní ojú ìlà méjì: ọ̀kan fún ẹni tó "lend", èkejì fún ẹni tó "borrow". Ẹ̀gbọ́n kọ "ẹni tó yá owó" sí méjèèjì, ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá ń tẹ̀ka síbi tó yẹ kí akápò fọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n wá ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, pé kí a fọwọ́ sí "yágbà" fún "borrow" àti "yáfún" fún "lend".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ṣe "yágbà". Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí fọ́ọ̀mù ṣe máa ń rí, kí ẹ wò ó bí kò bá ní di pé gbogbo ajigbèsè Ẹ̀pẹ́ wá láti Yàgbà, ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí.

Nínú gbólóhùn, ta ló ń ṣì í gbọ́? "Ó yá mi ní àwọ̀n": òun ló ni àwọ̀n. "Ó yá àwọ̀n lọ́wọ́ mi": èmi ni mo ni ín. "Ní" àti "lọ́wọ́" ló ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n gé ìrù gbólóhùn kúrò, ó sì ń wá ibi tí ẹran náà máa fi lé eṣinṣin. "Ayánilówó" àti "ayáwó" wà nílẹ̀, kò sí ìyá ẹlẹ́ja tí kò ní mọ èyí tí òun jẹ́ nínú méjèèjì. Àwọn ará Jámánì ń lo "leihen" fún yíyá síni àti yíyá lọ́wọ́ ẹni, "borgen" náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ báńkì wọn kò tíì dàrú. "Borgen" yìí àti "borrow" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan náà ni wọ́n. Láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó jẹ́ ohun ìdógò tàbí dídúró fún onígbèsè ni "borrow" ti wá, bí ẹni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sọ ọ́ lórúkọ.

"Borrow me your biro" tí wọ́n ń nà wá sí nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, "yá mi ní báírò rẹ" ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe ni ní Gẹ̀ẹ́sì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa rí. Pàṣán nìkan ni.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni "wín". Ìyá ìyá mi ta ẹja ní ọjà Olúwo títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ ọ́, n kò sì gbọ́ ọ rí kó ní òun fẹ́ yá iyọ̀. Iyọ̀, wọ́n máa ń wín in ni. Agbọ̀n ni wọ́n ń yá, ọ̀bẹ ni wọ́n ń yá, ìborùn ni wọ́n ń yá lọ síbi ìnáwó. Ohun tó bá jẹ́ pé òun gan-an lo máa dá padà, yíyá ni. Èyí tí o máa jẹ tán, tí o máa wá fi irú rẹ̀ dípò, wíwín ni. Lọ́jọ́ kan mo lọ sọ fún aládùúgbò wa pé kí wọ́n yá wa ní gààrí kóńgò kan. Màmá àgbà pariwo láti ìdí ààrò: "Ṣé gààrí yẹn gan-an lo máa bì padà fún wọn?"

Ẹ wò ó lórí ọ̀sà: "Yá mi ní ọkọ̀ rẹ, kí o sì wín mi ní epo bẹntiróò gálọ́ọ̀nù kan." Ìlérí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ yóò padà síbi tí wọ́n ti tú u; epo ti jóná kí ó tó dé Èjìnrìn.

Àfáà tó kọ́ mi ní kéú ní Lárúbáwá náà yà wọ́n sọ́tọ̀: ‘āriya ni ohun tí a yá, qard ni ohun tí a wín. Ẹni tó yá nǹkan, nǹkan onínǹkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wín owó, owó ti di tirẹ̀, gbèsè ló kù sí i lọ́rùn. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, Òwe 19:17, ẹni tó ṣàánú fún tálákà, Olúwa ni ó wín. Wọn kò kọ "yá" síbẹ̀. Ẹ wá bi Gẹ̀ẹ́sì léèrè: ìwé ni, ṣúgà ni, "borrow" kan náà ló fi ń gbé gbogbo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé "yáwó" ni gbogbo ayé ń sọ báyìí, pé "ẹ̀yáwó" ló wà lẹ́nu báńkì àti ìjọba. Òótọ́ ni, èmi náà ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí ẹ̀gbọ́n kọ "awínni" sórí fọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ tó máa bá àwọn ìyá wọn kà á kò gbọ́ ọ rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀rọ̀ àyálò", ọ̀rọ̀ tí èdè kan mú láti inú èdè mìíràn, tí a ń pariwo níbí. Bí ti Màmá àgbà bá ni, àyálò yẹ kó padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ta ló ti dá búrẹ́dì padà fún Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn náà ṣì mú dàńṣíkí wa dání, èyí tí àwa fúnra wa gbà lọ́wọ́ Haúsá.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Àgbádárìgì tó wà láàárín wa, ṣé ẹ ṣì ń wín iyọ̀ lọ́dọ̀ yín, àbí ẹ̀yin náà ti ń yá a?