Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí pọ̀línómíà Sobolev: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo bèèrè ìdí tí àgbékalẹ̀ Legendre onípele mẹ́ta (èyí tó ń fi pọ̀línómíà méjì tó ṣáájú ṣe èyí tó kàn, kí ∫fg láàárín èyíkéyìí méjì nínú wọn lè jẹ́ òdo) kò fi ṣiṣẹ́ mọ́ tí a bá fi ti derivative, ∫f′g′, kún ∫fg láti −1 dé 1; àpapọ̀ méjèèjì yìí, tí a ń kọ ní ⟨f, g⟩, ló ń fún wa ní pọ̀línómíà Sobolev. Ẹni tó ní kí n fi x sọ ẹ̀gbẹ́ kan nínú ⟨f, g⟩ di púpọ̀ wò ló bá mi tú kókó rẹ̀: ⟨x·1, x⟩ jẹ́ 8/3, ṣùgbọ́n ⟨1, x·x⟩ jẹ́ 2/3 péré. Bí x kò bá ti lè sọdá sí òdì kejì láìyí iye padà, ohun tí àgbékalẹ̀ náà gbára lé ti wó nìyẹn.

Tí a bá pe pọ̀línómíà Sobolev tí agbára x rẹ̀ tó ga jù jẹ́ n ní Qₙ, Q₃ ṣì gba àgbékalẹ̀ náà: x³ − 0.9x (ti Legendre, 0.6x ni). Q₄ ló yarí, àfi kí a fi Q₀ kún un. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Gautschi àti Zhang gbé jáde ní 1995 ni mo wá ń lò: gbogbo Q tó ṣáájú ló ń wọ ìṣirò. Ó ń falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ó péye. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.