Ilé gbàǹjo ní Houston: IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, fi gbèsè onílé lé e

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n fẹ́ lu ilé kan ní gbàǹjo ní Houston ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, torí onílé kò san gbèsè báǹkì, mo sì fẹ́ rà á. Mo ti yẹ ìwé ilé náà wò: kò sí gbèsè míì níwájú ti báǹkì, àfi owó-orí ilé ọdún kan, èyí tí mo ti kà mọ́ ìnáwó.

IRS ló dá mi dúró. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti fi gbèsè owó-orí tí onílé jẹ wọ́n lé ilé yìí, lẹ́yìn ti báǹkì. Bí báǹkì bá kìlọ̀ fún wọn ní ọjọ́ 25 ó kéré tán ṣáájú gbàǹjo, gbèsè yẹn á kúrò lórí ilé náà, ṣùgbọ́n IRS ṣì lè ra ilé náà padà lọ́wọ́ ẹni tó rà á láàárín ọjọ́ 120 lẹ́yìn gbàǹjo. Bí báǹkì ò bá kìlọ̀, gbèsè yẹn á ṣì wà lórí ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Mo ti pe agbẹjọ́rò báǹkì lẹ́ẹ̀mejì, kò fèsì.

Ìwé wo ni mo lè béèrè, lọ́wọ́ ta ni, tó máa fi hàn pé IRS rí ìkìlọ̀ náà gbà? Òrùlé ń jò, kò lè dúró fún ọjọ́ 120: tí mo bá pààrọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ra ilé padà, ṣé wọ́n á san owó òrùlé fún mi?