Ọ̀dà Funfun Ara Báàsì 1963

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìgbà tí mo ṣi iye gìtá àtijọ́ kan dá. Opó olórin kan tó fi gìtá báàsì jẹun títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ló pè mí pé kí n bá òun díye lé ohun èlò ọkọ òun kí òun tó tà á. Fender Jazz Bass ni, gìtá báàsì oníná ti ilé iṣẹ́ Fender, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Fullerton, ní California, ní ọdún 1960. Lẹ́tà L ló ṣáájú nọ́ńbà tó wà lára irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe é kí CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà, tó ra Fender ní 1965, àwọn wọ̀nyí sì ni àwọn olùrà ń wá jù. Funfun ni ọ̀dà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ìyeyè tó ń dúdú lọ sí etí ló wọ́pọ̀ nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn a fi owó kún owó. Orí mi wú. Mo wo iye tí àwọn olùtà kọ sára irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì dárúkọ iye gọbọi fún màmá náà lọ́jọ́ náà gan-an. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí pé n kò tíì tú ohunkóhun wò.

Nígbà tí mo padà lọ, mo dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tú skúrù mẹ́rin tó di ọrùn gìtá mú, mo sì yọ ọrùn náà. Òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀ kà pé oṣù Kẹta ọdún 1963. Ẹ̀rí yìí lágbára ju nọ́ńbà ẹ̀yìn lọ, nítorí pé wọn kì í tẹ̀lé ètò nọ́ńbà nígbà tí wọ́n bá ń kan àwọn irin náà mọ́ gìtá, ẹnikẹ́ni sì lè yọ ọ̀kan kí ó kàn án mọ́ òmíràn. Lábẹ́ àwọn bọ́tìnì, méjì nínú ẹ̀yà mẹ́ta tí wọ́n ń yí láti tún ohùn gìtá ṣe ní àmì 3046248: Stackpole, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ni 304, ọdún 1962 ni 62, ọ̀sẹ̀ inú ọdún náà sì ni 48. Ìyẹn bá òǹtẹ̀ ọrùn mu. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, CTS, ọdún 1974, ojé tí wọ́n fi jó wáyà rẹ̀ sì ń dán ju ti àwọn yòókù. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń gbó ni, kò bà mí nínú jẹ́.

Ọ̀dà ni ọ̀ràn gan-an. Láyé ìgbà náà, orí ìṣó kéékèèké ni wọ́n ń gbé ara gìtá lé bí wọ́n bá ń fín ọ̀dà sí i. Bí ó bá gbẹ, wọn a fa ìṣó náà yọ, ihò tó kù kì í sì í ní ọ̀dà nínú. Mo tú ike tó bo iwájú gìtá, mo rí ihò méjì, ọ̀dà funfun ló kún inú méjèèjì. Níbi tí ọrùn ti ń wọlé sínú ara, mo rí àwọ̀ ìyeyè tó yọjú lábẹ́ funfun náà.

Mo bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ rántí pé wọ́n tún gìtá yìí kùn rí?” Ó ní ọkọ òun ló kùn ún fúnra rẹ̀, nítorí pé òógùn ti jẹ ọ̀dà ibi tí apá rẹ̀ máa ń sinmi lé. Láàárín àwọn tó ń ra irú ohun èlò yìí, àtúnkùn máa ń gé iye rẹ̀ sí bí ìdajì, kódà bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ bá kùn ún. Ó nira fún mi láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, mo sì tọrọ àforíjì fún iye àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá iye tí àwọn olùrà san gan-an lórí èyí tí wọ́n ti tún kùn, mo sì fi ìyẹn díye lé e. Olùrà kan láti ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó wà nínú ewu, ti de igi rosewood ti Bùràsíìlì láti 1992, irú igi tí Fender sì ń lò sójú ọrùn nígbà náà nìyẹn. Kò ṣeé gbé kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ọ̀dọ́ olórin kan nítòsí ló rà á.

Mo kọ gbogbo ohun tí mo rí sínú ìwé kan kí olùrà náà lè mọ ohun tó rà. Màmá kà á, ó ní kí n fi orúkọ ọkọ òun sí i, pé ọkọ náà ló kùn ún. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì fi ìwé náà sínú àpótí gìtá.