Apá tàbí ìrókò: èwo ni kí n gbìn sílẹ̀ ọ̀dàn?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilẹ̀ éékà kan wà nítòsí Ìséyìn, igi ńlá ti tán lórí rẹ̀. Igi ilẹ̀ wa tó ń parẹ́ ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀. Nínú apá àti ìrókò, èwo ni kí n mú?

Àgbẹ̀ Òkè: Apá ni kí ẹ mú. Ara rẹ̀ gba ọ̀dàn, òun náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì le jù: onígẹdú ń gé e, darandaran ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù, igi tí wọ́n bá sì rẹ́ léraléra kì í so dáadáa mọ́. Láti ìpàdé CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń parẹ́) ti oṣù kọkànlá 2022 ni wọ́n ti fi òfin de títa gẹdú apá Áfíríkà sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ.

Kóró dúdú tó dé fìlà pupa rẹ́súrẹ́sú ni kí ẹ ṣà. Ẹ bọ́ fìlà náà, ẹ rẹ kóró sómi fún wákàtí 24, kí ẹ rì í sínú ọ̀rá oníyẹ̀pẹ̀ tó jìn, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yára wọlẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé rèé: ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ àgbà igi apá mọ́ ti inú ọ̀rá. Olú kan ń bá gbòǹgbò rẹ̀ gbé, òun ló ń bá a wá oúnjẹ nínú ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ eku.

Ìyá Ẹlẹ́kùú: Ẹ má pa ìrókò tì pátápátá o. Abo igi nìkan ló ń so. Ẹ ṣa èso tó pọ́n tó já bọ́, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi, ẹ fi asẹ́ sẹ́ kóró wínníwínní rẹ̀, ẹ sá a síbòji. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn, ẹ fọ́n ọn sókè ilẹ̀, ẹ má rì í. Á hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kòkòrò Phytolyma ni ọ̀tá rẹ̀: á yé sí ọ̀mùnú, ewé á wú di kókó, kókó á là, á rà, orí igi á sì kú.

Olùbéèrè: Mà, ṣé kí n fín in lóògùn?

Ìyá Ẹlẹ́kùú: Bí ọmọ kòkòrò bá ti wọnú kókó, oògùn ojú ewé kì í bá a mọ́. Ẹ gé ọ̀mùnú tó wú, ẹ sun ún kó tó là. Ẹ má gbin ìrókò nìkan sójú kan. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ há àárín igi mìíràn tó ń ṣíji bò ó.

Àgbẹ̀ Òkè: Ní ilẹ̀ yín tó ṣófo yẹn, apá ni kó ṣáájú. Tí ibòji bá ti wà, ẹ wá ki ìrókò bọ àárín.